Teèpù tí mo rí lára apá bàálù, àti Mẹ́kà tí ìyá mi kò dé

Ìyá mi ò dé Mẹ́kà, èmi ni mi ò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí n má baà máa yí i po. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, ẹni tó bá sì dá mi mọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kó panu mọ́, torí láti Òsì dé Ìlọ́fà, dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin, dé Koro, kò sí ẹni tó ní mọ́tò tí kò mọ̀ mí. Mi ò fọ́nnu o. Èmi ni mò ń tún ara mọ́tò ṣe tó bá ti forí sọ igi. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ni wọ́n ń pè wá, ṣùgbọ́n èmi kọjá ìyẹn. Mọ́tò tó ti wọ́ jọ bí ewé gbígbẹ, tí ẹni tó ni ín ti sunkún tán lórí ẹ̀, tí àwọn ará Ìlọrin ti ní kó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ojú tuntun ló máa gbé padà sílé. Pírámárì kẹrin ni mo ti sá lọ sídìí òòlù, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ rí. Àwọn tó kàwé títí irun orí wọn fi re, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé mọ́tò wọn wá, wọ́n á dúró síwájú mi bí ọmọ ilé-ìwé tí kò ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un. Èmi kì í tọrọ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni wọ́n ń wá bá. Ẹ wá wò mí lónìí... ìka kan ni mo fi ń tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí, ẹ fara da àṣìkọ.

Ohun tó ń ṣe mí ni pé mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Kì í ṣe àìsàn. Mò ń jẹun, ọ̀fun mi ń gbé e mì, ṣùgbọ́n bí ẹni ń jẹ òwú ni. Òòlù bọ́ lù mí lórí àtàǹpàkò, èékánná dúdú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń sá sókè sódò, èmi kàn ń wo ọwọ́ yẹn bíi pé ọwọ́ oníbàárà ni. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé mo ti ní obìnrin níta ni, mo ní rárá. Ó ní ṣé àwọn ayé ló ṣe mí, mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé... mo wò ó títí, ó dìde, ó lọ ro ọbẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mo máa bínú pé ó bi mí nípa obìnrin. Mi ò bínú. Ibi tí ìbínú máa ń wà lára mi, mo fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Yèyé la máa ń pe ìyá wa. Àgbàlagbà ni. Ó ru èlùbọ́ àti epo pupa lọ tà ní Ìlọrin títí orúnkún ẹ̀ fi kọṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ Àṣàlátù tí wọ́n jọ ń ṣe àdúà, òun nìkan ló kù tí kò tí ì dé Mẹ́kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti dé ibẹ̀, wọ́n ti fi eyín wúrà sẹ́nu, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn á máa kọ mànà. Yèyé a máa fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Ararọ̀mí, òun ló wá ṣètò pé kí Yèyé lọ, kí èmi tẹ̀ lé e nítorí orúnkún ẹ̀, kí n lè máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Inú mi ò dùn tó pé òun ló ṣètò ẹ̀ kì í ṣe èmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n mo lọ. Ọjọ́ tí à ń lọ, àdúgbò sìn wá dé ìdí mọ́tò. Kó tó kúrò nílé ni wọ́n ti ń pè é ní Àlájà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ó lanu sí mi, ó fi ahọ́n tọ́ka sí eyín tó máa fi wúrà bò, ó ní òun ti yan án ó pẹ́.

A wọ bàálù ní Ìlọrin. Yèyé jókòó sídìí fèrèsé, èmi jókòó tì í. Apá bàálù wà níwájú wa gẹ́lẹ́, ó fẹ̀, ó dán. Èmi, tí mo bá wọ mọ́tò èèyàn, ara mọ́tò yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ ti sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ń wo apá yẹn láti ìdí dé ṣóńṣó. Ni mo bá rí i. Teèpù. Teèpù aláwọ̀ fàdákà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ gùn, ọ̀kan gun ọ̀kan lórí, etí ẹ̀ kan wọ́ díẹ̀. Teèpù, ẹ̀yin èèyàn mi... lára apá ohun tó fẹ́ gbé wa gba orí aṣálẹ̀ àti òkun kọjá.

Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́. Nídìí iṣẹ́ tiwa, teèpù kì í ṣe àtúnṣe, irọ́ ni. Tí awakọ̀ bá fẹ́ ta mọ́tò tí ìpáàrà ti jẹ ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀ tán, tí kò sì fẹ́ ká gé e dànù ká jó páànù tuntun mọ́ ọn, á ní ká bá òun lẹ teèpù sí ojú ihò yẹn, ká po bọ́dì-fílà lé e, ká fi sáńpépà họ ọ́, ká fín pẹ́ńtì sí i. Ó máa dán. Ẹni tó fẹ́ rà á máa fọwọ́ pa á, inú ẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ sí i dáadáa, ihò á yọjú. Gbogbo wa la ti ṣe é fún èèyàn, pánẹ́ẹ̀lì bítà tó bá ní òun ò ṣe é rí, kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo rí teèpù yẹn, teèpù kọ́ ni mo rí. Ihò tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo rí. Mo rí i kedere, mo rí bí ìpáàrà ṣe jẹ etí ẹ̀ wálẹ̀wálẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n búra lọ́jọ́ yẹn, mo máa búra.

Mo sọ fún Yèyé. Bóyá ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́, mi ò bá ti dákẹ́ kí n pe òṣìṣẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́... àmọ́ mo sọ fún un, mo sì sọ ọ́ sókè. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n jókòó kí n de bẹ́líìtì. Mo ní mi ò de nǹkan kan. Ó lọ mú ọkùnrin kan wá tó wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran, ọkùnrin yẹn tẹ̀ ba níwájú mi, ó ní àwọn mọ̀ nípa ẹ̀, ó ní wọ́n fàyè gbà á, ó ní kì í ṣe pé... mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo ní mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i. Ààfáà Ìlọrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa bá dá sí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú sọ̀ kalẹ̀ ẹ lọ fi òòlù nà án, a máa dúró dè yín.” Ẹlòmíràn ní kí n má gbàgbé láti fín pẹ́ńtì sí i. Gbogbo bàálù bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, mo ti fẹ́ jókòó. Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi. Ojú ọkùnrin yẹn balẹ̀, ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, torí ojú tèmi náà nígbà tí mo bá ń fi nǹkan pamọ́ fún oníbàárà kì í rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló nà mí ró. Tí mo bá jókòó lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, kí ni mo máa jẹ́? Ta ni máa bá wọn dé Mẹ́kà, ṣé èmi, àbí ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní Ìlọrin? Mo ní a ò lọ mọ́. Yèyé di ọwọ́ mi mú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ní tí ọmọ òun bá ti ní kò dáa, kò dáa nìyẹn. Ó tú bẹ́líìtì ẹ̀ fúnra ẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé èmi ni mo bá a dè é. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ká fara balẹ̀, pé a lè bá èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ. Yèyé ní rárá, ó ní Ọlọ́run kì í kìlọ̀ fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo lè bẹ̀ ẹ́ o, ó máa gbọ́ tèmi, tèmi nìkan ló máa ń gbọ́... mi ò bẹ̀ ẹ́.

Bàálù yẹn gbéra lójú wa. A dúró ti ògiri níta pẹ̀lú àwọn báàgì wa, ó sáré, ó gbéra, ó kéré bí ẹyẹ, ó wọ ìkùukùu. Yèyé ká ọwọ́ sókè, ó ń ṣe àdúà fún àwọn tó wà nínú ẹ̀. Èmi... ṣé kí n sọ ọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi ń dùn mí, mò ń retí kó jábọ́.

Kò jábọ́. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ṣe Háájì wọn, wọ́n padà wálé. Àmọ́ kí wọ́n tó padà, wọ́n ti sọ mí di nǹkan míràn ní ìlú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a padà ni ẹgbẹ́ Àṣàlátù ti dé, wọ́n ń kọrin ọpẹ́ pé Ọlọ́run fi ọmọ yọ ìyá. Wọ́n ń pè mí ní Ojú-Àwòdì. Onílé-epo kan ní kí n máa wá bá òun wo ọkọ̀ epo òun kó tó jáde. Àwọn tó ń lọ Èkó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn fojú kan mọ́tò yìí. Nígbà tí àwọn onímẹ́kà wá dé pẹ̀lú omi Sàmsám àti eyín wúrà, mo ní ó parí, ojú máa tì mí. Kò tì mí. Àwọn èèyàn ló fúnra wọn sọ pé àdúà Yèyé ló gbé bàálù yẹn ró lókè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbí kí ni kí n sọ? Mo wá ń sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó bá wá, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i, teèpù yẹn sì ń gùn sí i. Nígbà tó yá, ó ti di pé atẹ́gùn ń gbé etí ẹ̀ páipái, ó ti di pé mo ń rí ilẹ̀ láti inú ihò ẹ̀. Yèyé nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n pe òun ní Àlájà mọ́. Tí ẹni tó gbàgbé bá pè é bẹ́ẹ̀, á ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nílé.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọmọ Ìlọ́fà kan fi gbé mọ́tò ẹ̀ wá. Màlúù ló kọ lù lójú ọ̀nà. Fẹ́ńdà iwájú ti ya, ó wá fi teèpù fàdákà dì í mú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo pe àwọn awakọ̀, mo pe àwọn ọlọ́kadà, mo ní ẹ wá, ẹ wá wo teèpù, ẹ wá wo irú ohun tó fẹ́ pa ìyá mi. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo na apá mi méjèèjì bíi ti bàálù, mo ṣe bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà kan ní, “Àwòdì, ìwọ ni kí wọ́n fi ṣe ọ̀gá pápákọ̀ bàálù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ Ìlọ́fà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì tí gbogbo wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun dúró dè mí.

Ó ní kí n má bínú, ó ní ìdí bàálù ni òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó ní teèpù yẹn kì í ṣe irú tiwa. Irin ni, alumíníọ́mù tí wọ́n nà títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle sí lẹ́yìn. Oòrùn kì í yọ́ ọ, òtútù òkè kì í jẹ́ kó ṣí, atẹ́gùn ò lè ká a. Ó ní wọn kì í fi di ohun tó gbé bàálù ró mú o. Tó bá jẹ́ pé ibi kékeré kan ló họ, tàbí pẹ́ńtì ló bó, tí ọjọ́ àtúnṣe gidi kò tí ì pé, ìwé àwọn tó ṣe bàálù náà ló sọ ibi tí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ sí àti ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ sí. Ẹnjiníà ló máa lẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ sí i, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn bàálù ìgbàlódé kan wà tí apá wọn kì í ṣe irin rárá, tí pẹ́ńtì kì í fẹ́ dì mọ́, teèpù yìí ni wọ́n fi ń bo ojú ibẹ̀ kí oòrùn má baà jẹ ẹ́. Ó ní kò ṣàjèjì, tí mo bá ń wọ bàálù dáadáa mo máa rí i. Mo bi í pé kí ló wá wà lábẹ́ èyí tí mo rí. Ó ní òun ò sí níbẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú bí mo ṣe júwe ẹ̀ yìí, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Apá ni, ó ní. Apá tó dáa.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ì bá sàn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì yẹ̀yẹ́. Ó kàn ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó mú ìyókù teèpù tó fi di fẹ́ńdà ẹ̀ fún mi, ó ní irú ti bàálù gan-an ni, pé ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá, wọn ò gbà kí àwọn lò ó fún bàálù mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì máa wúlò fún mi. Nígbà tó lọ tán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ara mi, ìbínú ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kó ṣí. Oòrùn pa á. Òjò rọ̀ sí i. Mo wa mọ́tò yẹn lọ Òmù-Àrán lórí ọ̀nà burúkú yẹn, mo tún mú iná gáàsì sún mọ́ ọn. Kò ṣí. Mo ń fi èékánná wá etí ẹ̀, ọwọ́ mi kò rí etí mọ́, ọwọ́ mi o, ọwọ́ tó lè pa ara mọ́tò kó sọ ibi tí wọ́n ti jó o. Ó ti di ara irin. Mo jókòó sórí táyà. Láti orí táyà yẹn ni mi ò ti mọ nǹkan lára mọ́.

Ní báyìí, àbúrò mi tún ti rí àyè fún Yèyé. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín irin pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó ní pẹ̀lú bí orúnkún yẹn ṣe ń lọ, tí kò bá lọ lọ́dún yìí, kò lè lọ mọ́. Yèyé sì ti sọ tiẹ̀. Ó ní òun máa lọ, tí èmi bá tẹ̀ lé òun, tí mo bá kọ́kọ́ bá òun wo apá bàálù náà. Tí kò bá sí teèpù lára ẹ̀, òun wọlé. Tí teèpù bá wà lára ẹ̀, òun padà sílé, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ̀rọ̀ Mẹ́kà sí òun létí mọ́ títí òun á fi kú. Mo wo àbúrò mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi sọ ọ́ fún un, gbogbo ohun tí ọmọ Ìlọ́fà yẹn sọ, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Ó wolẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí epo lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo ti mọ̀.”

Ó ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a padà láti Ìlọrin ló ti bi ẹni tí wọ́n jọ kàwé, ẹni yẹn sì ti sọ ọ́ fún un. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ṣé kí òun wá sọ ọ́ lójú àwọn tó ń kọrin fún mi ni? Ó ní mi ò ní gbà, mo máa ní torí pé òun kàwé ni. Òótọ́ ni, bí mo ṣe máa sọ ọ́ gan-an ló sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí, ẹnu òun kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé mo ṣìnà. Ẹ wò ó... ó ń fi ọ̀wọ̀ wọ̀ mí, ọ̀wọ̀ yẹn àti ìgbéraga tèmi la jọ fi gbé ìyá wa sílẹ̀. Ó dìde, ó ní òun ti gbé tòun dé ibi tí òun lè gbé e dé, èmi ni kí n lọ bá Yèyé sọ ọ́, òun ò lè ṣíwájú mi. Ó gun ọ̀kadà, ó padà sí Ararọ̀mí. Ó yẹ kí inú bí mi. Ó yẹ kí n sunkún pàápàá. Mo mú sáńpépà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo lọ bá Yèyé. Mo fi teèpù náà sápò, mo ní tí mo bá mú un jáde, ẹnu mi á là. Mo bá a lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, bútà rọ́bà tó máa ń lò ti sán nídìí, ó ń fi ìka dí i, omi ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde. Ó ní, “Ọkọ mi, o wá lásìkò. Bútà yìí, ilẹ̀ ló ń ṣe àlùwàlá fún, kì í ṣe èmi.” Mo gba bútà. Mo nù ún gbẹ. Mo mú teèpù jáde, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ sí ojú ibi tó sán, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ káàkiri etí bí mo ṣe máa ń tẹ iṣẹ́. Mo pọn omi kún un. Kò jò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó wo ìdí ẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Kò jò. Ó fọwọ́ pa teèpù yẹn, ó ní, “Teèpù rèé o. Ká ní àwọn ará bàálù yẹn ní irú èyí ni, ṣé mi ò bá ti dé Mẹ́kà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní hẹn.

Hẹn nìkan ni mo sọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ báyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ṣí i, mo dúró lójú ọ̀nà yẹn bí igi. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun níjòókòó, nígbà tó parí, ó ké sí Ọlọ́run fún mi. Àdúà kan náà tó ti ń ṣe láti ìgbà yẹn, pé Ọlọ́run tó fún ọmọ òun lójú kó má ṣe gbà á. Ó ní àwọn Àṣàlátù ń bi òun bóyá ó ń dun òun tí òun ò ní wúrà lẹ́nu, òun sì ń dá wọn lóhùn pé wúrà tòun ń ti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Èmi ló ń sọ. Èmi ni wúrà náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní kí n tẹ̀ lé e lọ, kí n wo apá yẹn, kí n ní ó dáa, kó wọlé, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ti rò ó. Tí teèpù bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Ìlọ́fà ní kò ṣàjèjì. Yèyé ò ríran jìnnà mọ́, àmọ́ ìdí fèrèsé ló máa jókòó, ó sì mọ teèpù, èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣé kí n ní kó má wo ìta ni? Tó bá rí i lórí ìjókòó, tó wò mí lójú, kí ni mo máa sọ fún un, ṣé pé èyí dáa, tọjọ́ yẹn ni kò dáa? Tí mo bá sì sọ òótọ́ fún un báyìí, ó lè dé Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ta ni máa tẹ̀ lé e dé ibẹ̀? Ó máa mọ̀ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló kìlọ̀ fún òun, pé ẹ̀rín àwọn èèyàn ni ọmọ òun sá fún. Gbogbo àdúà tó ti ṣe lórí ojú mi láti ọjọ́ yẹn, níbo ló máa kó wọn sí? Ìlú náà máa gbọ́. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé mò ń bẹ̀rù, àmọ́ nígbà tí mo fojú inú wò ó pé àwọn ọlọ́kadà ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò dùn mí. Mo tún un rò, kò dùn mí. Ti Yèyé nìkan ló kù tí ọwọ́ mi ò lè kàn.

Àbúrò mi ti ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó orúkọ àwọn tó ń lọ sílẹ̀ láìpẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi ti Yèyé sí i. Mi ò tí ì dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti dé Mẹ́kà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wọ bàálù... kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gba eyín wúrà fún un, kí n wá gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n kó sọ ohun tí màá ṣe tẹ̀ lé e. Mo sùn sílé ẹ̀ ní àná. Ní Àsùbáà, mo gbọ́ tó ń ṣe àlùwàlá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde lọ wo ilẹ̀ lábẹ́ bútà yẹn. Ó gbẹ.